Ọ̀gá Tó Ní Kí Wọ́n Wó Ògiri Inú Kọ̀ǹpútà

Ìyá gbẹ́nàgbẹ́nà tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́ ni wọ́n ṣẹ̀. Ọjọ́rú ni, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta, ní aago mẹ́wàá àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú méjìlá. A kọ ọjọ́ àti wákàtí sílẹ̀ kí a tó sọ ohunkóhun, nítorí àwọn kan wà ní ọ́fíìsì ìjọba tí inú wọn ìbá dùn bí gbogbo rẹ̀ bá lè di "lọ́jọ́ kan ṣá."

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, màmá jókòó síwájú ilé, ó ń bá aládùúgbò méjì jà lẹ́ẹ̀kan náà lórí ibi tó yẹ kí wọ́n máa sá aṣọ sí, ó sì ń borí àwọn méjèèjì. Àárín ọ̀rọ̀ ni ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Apá rẹ̀ ọ̀tún já wálẹ̀, kò sì gbéra mọ́. Ọmọ rẹ̀ sáré mú fóònù, ó pe ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní òdìkejì afárá pé kí wọ́n gbé ọkọ̀ pàjáwìrì wá.

Wọ́n gbé ìpè náà lójú ẹsẹ̀. Kì í ṣe dókítà ló gbé e, kì í sì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ohùn ọkùnrin kan ni, ohùn tó wúwo, tó ń rọra rìn bí ẹni tó wọ bàtà tuntun. "Ẹ káàbọ̀ sí orí wáyà mi," ni ohùn náà wí. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni ó fi kà á.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ ó fẹ́ mọ bí ohùn ọkùnrin tí kì í ṣe dókítà ṣe dé inú fóònù ilé ìwòsàn. Ọ̀rọ̀ náà kò le rárá. Ẹni tó yẹ kó yé ni kò fẹ́ kó yé òun.

Nínú ìlú yìí, ilé-iṣẹ́ ìjọba kan wà tí wọ́n ń pè ní Ilé-iṣẹ́ Àpapọ̀ Ìpè. Ilé alájà mẹ́ta ni. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, yàrá kan wà tó tutù bí inú fìríìjì, kọ̀ǹpútà ńlá kan sì dúró níbẹ̀, ó ga tó kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ. Ilé-iṣẹ́ mọ́kànlélógójì ló gbé ètò fóònù wọn sínú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo yìí: ilé ìwòsàn, ilé búrẹ́dì, ilé tí wọ́n ń tọ́jú òkú sí, ọ́fíìsì lọ́yà, iléèwé ìwakọ̀, títí kan ọ́fíìsì Mínísítà fúnra rẹ̀. Kò sí èyí tó ní láti ra ẹ̀rọ tirẹ̀ nínú wọn. Olúkúlùkù ló sì rò pé òun nìkan ló wà níbẹ̀.

Obìnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà, Oníwáyà ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ó ti tó ẹni ogójì ọdún, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kì í sì í bọ́ jákẹ́ẹ̀tì kódà nígbà ooru, nítorí òtútù yàrá yẹn. Òun ló pín inú kọ̀ǹpútà náà sí yàrá mọ́kànlélógójì, tó sì mọ ògiri sáàárín wọn. Kì í ṣe ògiri bíríkì o. Àṣẹ ló kọ sínú ẹ̀rọ pé ìpè tó bá wá fún ẹni yìí kò gbọdọ̀ wọ ilé ẹni yẹn. Nítorí náà, nọ́ńbà 101 wà ní ilé ìwòsàn, nọ́ńbà 101 tún wà ní ilé búrẹ́dì, àwọn méjèèjì kò sì pàdé ara wọn rí. Bí ògiri bá wà, gbogbo wọn lè gbé inú ilé kan láìsí wàhálà.

Ọdún mẹ́ta ni gbogbo rẹ̀ fi lọ geere. Ìyẹn gan-an ló fa ìṣòro. Ibi tí nǹkan bá ti ń lọ geere, ẹnikẹ́ni ni wọ́n lè fi ṣe ọ̀gá ibẹ̀.

Ẹni tí wọ́n fi ṣe é ti kọ́kọ́ jẹ́ olórí àwọn igi ojú títì. Ní àkókò tirẹ̀, àwọn igi dàgbà, ó sì gba oyè lórí rẹ̀. Nígbà tó dé Ilé-iṣẹ́ Àpapọ̀ Ìpè, ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó fún ara rẹ̀ ní orúkọ tuntun. Ó ní Ọ̀gá Àgbà kéré jù, pé ẹnikẹ́ni tó bá ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ lè máa jẹ́ ọ̀gá. Kí wọ́n máa pe òun ní Ohùn Ìjọba.

Akọ̀wé rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Akọ̀wé yìí ní ẹ̀bùn kan: ó lè gbà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ tán. Òun ló dá a sílẹ̀ pé bí Ohùn Ìjọba bá ti wúkọ́, kí gbogbo òṣìṣẹ́ dìde kí wọ́n ní "Ohùn wa." Ní oṣù àkọ́kọ́, otútù mú ọ̀gá náà. Kò sí ẹni tó rójú jókòó fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Ohùn Ìjọba kì í sì í gbé fóònù kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá ti sọ̀rọ̀ tán ti ṣiṣẹ́ tán, pé gbígbé fóònù kalẹ̀, iṣẹ́ àwọn mìíràn ni. Wọ́n gba ọkùnrin arúgbó kan sí iṣẹ́ náà. Ẹ̀yìn àga ọ̀gá ló máa ń dúró sí pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ funfun. Bí ọ̀gá bá ti parí ọ̀rọ̀, á na fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ láìwẹ̀yìn, bàbá náà á fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, á tẹrí ba fún un díẹ̀, á sì gbé e lé ibi tó yẹ. Agbékalẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é.

"Bàbá, ṣé iṣẹ́ ń lọ?" ni Oníwáyà bi í lọ́jọ́ kan lórí àtẹ̀gùn.

"Ọmọ mi, mo ti sin ológun rí, mo ti ṣọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n rí," ni bàbá wí. "Mi ò ì rí ohun tó le tó kéèyàn máa dúró de ìgbà tí ẹni yẹn máa sọ̀rọ̀ tán."

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni Ohùn Ìjọba sọ̀ kalẹ̀ wá wo yàrá ẹ̀rọ. Akọ̀wé ń lọ níwájú, ó ń ṣílẹ̀kùn. Agbékalẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn, bóyá fóònù á dún lọ́nà. Ọ̀gá yí kọ̀ǹpútà náà ká lẹ́ẹ̀mejì, ó gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹni tó ń yẹ màlúù wò.

"Níbo ni mo wà nínú rẹ̀?" ló béèrè.

"Yàrá kejìlá ni ti ọ́fíìsì wa, sà," ni Oníwáyà dáhùn. "Nọ́ńbà 100 ni tiyín."

"Ogójì yàrá yòókù ńkọ́? Nọ́ńbà mélòó ni mo jẹ́ níbẹ̀?"

"Ẹ ò sí níbẹ̀, sà."

Akọ̀wé mí kanlẹ̀. Ohùn Ìjọba wo kọ̀ǹpútà náà bí ẹni tí wọ́n fi fọ́tò ẹbí hàn, tí kò rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀.

"Mi ò sí níbẹ̀."

"Kò sẹ́ni tó wà ní yàrá ẹlòmíì, sà. Iṣẹ́ tí à ń ṣe níbí náà nìyẹn."

"Ta ló mọ ògiri sínú ilé mi?"

"Èmi ni, sà. Bí kò bá sí ògiri, ìpè á máa ṣìnà. Ẹni tó ń wá dókítà á bá ara rẹ̀ lọ́dọ̀ oníbúrẹ́dì."

Ohùn Ìjọba yíjú sí Akọ̀wé. Nígbà tó bá fẹ́ sọ ohun tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, ó máa ń kọ́kọ́ di ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. "Ẹ gbọ́ o. Wọ́n fi ilé kan lé mi lọ́wọ́. Mo débẹ̀, mo rí i pé ẹnì kan ti pín in sí yàrá yàrá bí ilé tí àwọn ọmọ bàbá kan ń bá ara wọn jà lé. Ilé ìwòsàn kò mọ oníbúrẹ́dì. Oníbúrẹ́dì kò mọ lọ́yà. Àti pé, ó burú jù, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò mọ̀ mí. Ṣé bí wọ́n ṣe ń kó ìlú jọ nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ kọ́," ni Akọ̀wé wí, kí ọ̀rọ̀ tó tán.

Àṣẹ mẹ́ta ló jáde níbi ìdúró yẹn. Ìkínní, kí wọ́n wó gbogbo ògiri inú kọ̀ǹpútà náà. Ìkejì, kí nọ́ńbà ení ní gbogbo ilé-iṣẹ́ mọ́kànlélógójì máa dún sórí tábìlì òun. Ìkẹta, kí ẹnikẹ́ni tó bá pe ilé-iṣẹ́ èyíkéyìí kọ́kọ́ gbọ́ ohùn òun.

Oníwáyà lọ sílé, ó kọ lẹ́tà ojú ìwé méjì. Ó ṣàlàyé níbẹ̀ pé nọ́ńbà ení ni àwọn èèyàn máa ń tẹ̀ fún pàjáwìrì ní ilé ìwòsàn. Ó kọ ọ́ pé ẹ̀mí wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ó sì fa ìlà sí abẹ́ ẹ̀mí. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́tà náà padà. Ohùn Ìjọba ti fi bírò pupa kọ ọ̀rọ̀ sí orí rẹ̀ gbalaja: "Ògiri kò bá ìṣọ̀kan mu. Ẹ wó o." Ó buwọ́ lù ú nísàlẹ̀, ìbuwọ́lùwé tó lọ́ káàkiri títí tó fi bo ìdajì ojú ìwé, ó kọ déètì sí i.

"Ẹ fún mi padà kí n tọ́jú ẹ̀," ni Akọ̀wé sọ fún un lẹ́yìn tó kà á tán. "Ọwọ́ Ohùn Ìjọba wà lórí ẹ̀. Kò yẹ kó máa rìn káàkiri."

Oníwáyà fún un. Ẹ má bi wá ìdí tó fi fún un. Ó ti ṣiṣẹ́ ìjọba fún ọdún méjìdínlógún, ó sì gbàgbọ́ pé ohun tó bá wà nínú fáìlì ti wà lọ́wọ́ ìjọba.

Wọ́n gba ohùn ọ̀gá náà sílẹ̀ nínú ọ́fíìsì rẹ̀. Wọ́n pa fáànù kí ariwo rẹ̀ má bàa bo ohùn náà. "Ẹ káàbọ̀ sí orí wáyà mi. Èmi ni Ohùn Ìjọba. Kí o tó sọ tìrẹ, ó tọ́ kí o mọ ẹni tó fún ọ láǹfààní láti sọ ọ́." Ó ka àwọn ìwé ẹ̀rí rẹ̀, títí kan ti ẹ̀kọ́ ọjọ́ méjì nípa bí wọ́n ṣe ń darí ìpàdé. Ó sọ ìtàn bí olùkọ́ rẹ̀ kan ṣe sọ pé ọmọ yìí á sọ̀rọ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀ ní orúkọ ìlú. Ní ìṣẹ́jú keje, ó wúkọ́.

"Ṣé kí n gé ikọ́ yẹn kúrò, sà?" ni Oníwáyà béèrè.

Akọ̀wé ló dá a lóhùn. "Ikọ́ Ọ̀gá wà lára ọ̀rọ̀."

Oníwáyà wó àwọn ògiri náà ní ọjọ́ Ajé. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ìlú ti dàrú. Wọ́n ń wá lọ́yà, wọ́n ń bá ẹni tó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fi mọ́tò rìn sẹ́yìn pàdé. Nọ́ńbà 101 ti ilé tí wọ́n ń tọ́jú òkú sí àti ti ilé búrẹ́dì ti di ọ̀kan. Ọkùnrin kan pè, ó fi ohùn ẹkún sọ pé àwọn ẹbí ti pé, ṣé àwọn lè wá gbé e. Ọmọge ilé búrẹ́dì fi ọ̀yàyà dáhùn pé, "Ẹ máa bọ̀, ó ṣì gbóná."

Ẹ̀sùn ń wọlé lójoojúmọ́. Akọ̀wé kó gbogbo wọn jọ, ó fi ṣe ìròyìn. Ó kọ ọ́ pé tẹ́lẹ̀, ìṣẹ́jú méjì ni àwọn aráàlú máa ń lò lórí fóònù, ṣùgbọ́n báyìí, wọ́n ti ń lo mẹ́tàlá. Ohùn Ìjọba kà á lẹ́ẹ̀mẹta, inú rẹ̀ dùn dé eyín.

"Ṣé o rí i?" ló wí. "Àwọn èèyàn yìí ti ń fẹ́ràn láti bá ìjọba sọ̀rọ̀."

Báyìí ni nǹkan ṣe wà nígbà tí ẹnu màmá gbẹ́nàgbẹ́nà wọ́ ní Ọjọ́rú yẹn. Ọmọ rẹ̀ fi apá kan dì í mú, ó fi ọwọ́ kejì di fóònù mú létí, ó ń gbọ́ nípa ẹ̀kọ́ ọjọ́ méjì. Kò já ìpè náà, nítorí ó rò pé dókítà á gbé e láìpẹ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mọ́kànlá, ohùn náà sọ pé bí ó bá jẹ́ pàjáwìrì, kó tẹ ení. Ó tẹ ení.

"Ọ́fíìsì Ohùn Ìjọba," ni Akọ̀wé wí. "Ta ni yẹn?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi ni. Ẹnu ẹ̀ ti wọ́, apá ẹ̀ ò ṣiṣẹ́. Ẹ gbé ọkọ̀ wá."

"Ṣé Ọ̀gá ń retí ìpè yín?"

"Ọ̀gá wo? Ṣé ilé ìwòsàn kọ́ nìyí?"

"Ibi gbogbo nìyí," ni Akọ̀wé wí. "Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ kọ ẹ̀dà mẹ́ta."

Gbẹ́nàgbẹ́nà tún pè. Ohùn yẹn tún bẹ̀rẹ̀ láti "Ẹ káàbọ̀." Nígbà náà ló gbé ìyá rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sáré dé ojú títì, ó dá ọkọ̀ akóyanrìn dúró. Orí yanrìn ni màmá dùbúlẹ̀ sí títí wọ́n fi kọjá afárá.

"Kí ló dé tí ẹ ò tètè pè wá?" ni dókítà bi í.

"Mo pè yín."

Dókítà fúnra rẹ̀ ti gbìyànjú láti pe yàrá oògùn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Màmá yè. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò padà. Obìnrin tó ń bá aládùúgbò méjì jà lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo ohun tó kù lẹ́nu rẹ̀ ni "ẹ̀n." Ó fi ń béèrè omi, ó fi ń kọ̀ oúnjẹ, ó fi ń pe ọmọ rẹ̀.

Dókítà kọ ẹ̀sùn. Nígbà tí ẹ̀sùn bá ti ọwọ́ dókítà wá, ìjọba kì í lè dákẹ́, nítorí náà wọ́n gbé ìgbìmọ̀ dìde. Ohùn Ìjọba fi ara rẹ̀ ṣe alága ìgbìmọ̀ tó máa wádìí Ohùn Ìjọba. Àárọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi jókòó. Wọ́n rí i pé àwọn ògiri náà wó fúnra wọn, nítorí Oníwáyà kò tọ́jú wọn dáadáa. Wọ́n ní kó lọ jókòó sílé títí àwọn á fi pè é lórí fóònù.

"Lẹ́tà mi ńkọ́?" ni Oníwáyà bi Akọ̀wé. "Èyí tó fi bírò pupa kọ."

"Lẹ́tà wo?"

Ó wo Akọ̀wé lójú títí. Akọ̀wé kò ṣẹ́jú.

Ní ẹnu géètì, Oníwáyà ń gbé àpótí ẹrù rẹ̀ jáde nígbà tí ọkùnrin kan tí lẹ́búlẹ́bú pákó kún irun rẹ̀ dá a dúró.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, mo ń wá ẹni tí wọ́n ń pè ní Oníwáyà. Wọ́n ní òun ló ba fóònù jẹ́ tí ìyá mi ò fi lè sọ̀rọ̀ mọ́."

Oníwáyà gbé àpótí náà sílẹ̀. "Èmi nìyẹn. Ṣé ẹ wá gbá mi létí ni?"

"Ohun tí mo bá wá nìyẹn."

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ gbá mi lẹ́yìn náà, èmi nìyí."

Ó sọ ọ́ fún un láti orí dé ìdí, títí dé bírò pupa. Gbẹ́nàgbẹ́nà gbọ́ ọ tán, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ìwé yẹn," ló wí. "Ìwé yẹn nìkan ni mo fẹ́ rí."

"Èmi náà," ni Oníwáyà wí.

Ẹ jẹ́ ká padà sókè, sí ọ́fíìsì tó ní kápẹ́ẹ̀tì. Ọgọ́rùn-ún ọjọ́ Ohùn Ìjọba lórí oyè ti ń bọ̀, ó sì ti pinnu pé ní aago mẹ́wàá ọjọ́ náà, gbogbo fóònù orí tábìlì ní gbogbo ilé-iṣẹ́ mọ́kànlélógójì á ṣí fúnra wọn, ohùn òun á sì jáde láti inú wọn. Ètò ìkéde ni wọ́n ń pè é nínú ẹ̀rọ náà. Tẹ́lẹ̀, bí ọ̀gá kan bá kéde, yàrá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ nìkan ló ń gbọ́. Ògiri ló ń dá a dúró. Báyìí kò sí ògiri mọ́.

Ohun kan péré ló yí padà. Ní ọjọ́ méjì ṣáájú, Agbékalẹ̀ ti gba ìwé ìdádúró. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ó gbé fóònù kalẹ̀ nígbà tí Ohùn Ìjọba dánu dúró láti mí, tó sì fi bẹ́ẹ̀ gé ọ̀rọ̀ tó kù dànù. Bàbá náà ní òun rò pé ó ti parí. Wọ́n ní kò sí nínú iṣẹ́ rẹ̀ láti máa rò. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó ká a, ó sì lọ sílé ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí wọ́n dá sílẹ̀ lẹ́wọ̀n.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ayẹyẹ náà, Oníwáyà gbé ọsàn lọ fún màmá ní ilé ìwòsàn. Òun àti gbẹ́nàgbẹ́nà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Fóònù tó wà lórí tábìlì nọ́ọ̀sì ṣí fúnra rẹ̀.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ni ohùn náà wí.

Fún ogún ìṣẹ́jú, ó kí ara rẹ̀ kú iṣẹ́. Lẹ́yìn náà àtẹ́wọ́ dún. Ní ọ́fíìsì lókè, Ohùn Ìjọba na fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ láìwẹ̀yìn, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Kò sí ọwọ́ tó gbà á. Akọ̀wé wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n akọ̀wé àgbà ni, kì í ṣe agbékalẹ̀. Ohùn Ìjọba tú ọwọ́ sílẹ̀. Fóònù náà balẹ̀ sórí ìrọ̀rí àga rẹ̀, ó dojú sókè, ó sì wà bẹ́ẹ̀.

"Ó dún dé ọkàn, sà," ni ohùn Akọ̀wé jáde lórí tábìlì nọ́ọ̀sì. "Mínísítà fúnra rẹ̀ á ti máa gbọ́."

"Mínísítà?" Ohùn Ìjọba rẹ́rìn-ín. "Mínísítà wo? Ẹni tí kò lè ka ọ̀rọ̀ ojú ìwé kan láìlá ètè. Èmi ni mò ń kọ ohun tó ń sọ. Bí mo bá kọ ọ́ pé kó gbó, á gbó."

Nọ́ọ̀sì na ọwọ́ sí wáyà fóònù náà láti fà á yọ.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni Oníwáyà wí.

Nọ́ọ̀sì fi í sílẹ̀. Ní ilé búrẹ́dì, wọ́n pa ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun kí wọ́n lè gbọ́ dáadáa. Ní ọ́fíìsì lọ́yà, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ọ́fíìsì Mínísítà, gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ ń wo ilẹ̀, Mínísítà sì ń fi ahọ́n kan ètè.

"Dókítà yẹn ṣì ń kọ lẹ́tà, sà," ni Akọ̀wé wí. "Lórí ọ̀rọ̀ màmá yẹn."

"Ṣé nítorí ẹnu arúgbó kan ni kí n tún ògiri mọ? Ó ti sọ̀rọ̀ tó láyé. Kó fún àwọn mìíràn láyè. Ìwé tí mo fọwọ́ sí ńkọ́?"

"Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, sà. Abẹ́ kàlẹ́ńdà."

"Kó máa wà níbẹ̀."

Kò sẹ́ni tó wo ojú ẹnì kejì ní yàrá ilé ìwòsàn náà. Màmá gbé orí sókè lórí ìrọ̀rí, ó kọjú sí fóònù náà. Ẹnu rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ó ń wá ọ̀rọ̀ kan, ó sì mọ ọ̀rọ̀ náà, ojú rẹ̀ fi hàn pé ó mọ̀ ọ́n.

"Ẹ̀n," ló wí. Ó tún ṣe é. "Ẹ̀n."

Ọmọ rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ogójì ìṣẹ́jú ni fóònù náà fi ṣí sílẹ̀. Àwọn tó mọ̀ sáré lọ sí Ilé-iṣẹ́ Àpapọ̀ Ìpè láti kìlọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ dá wọn dúró sẹ́nu ọ̀nà pé Ohùn Ìjọba ti ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe dí òun lọ́wọ́ lọ́jọ́ ayẹyẹ. Ní gbogbo àkókò yẹn, ó bú àwọn adájọ́, ó bú ìyàwó Mínísítà, ó sì sun oorun díẹ̀. Ìlú gbọ́ bó ṣe ń hanrun.

Kó tó di ọ̀sán, lẹ́tà Mínísítà dé. Ohùn Ìjọba kà á, ó jókòó, ó tún un kà. Ó gbé fóònù láti pe Mínísítà kó ṣàlàyé pé àwàdà ni. Ẹni tó bá sì pe ọ́fíìsì Mínísítà, ẹ ti mọ ohun tó máa gbọ́.

"Ẹ káàbọ̀ sí orí wáyà mi."

Ó dúró. Kí ló lè ṣe? Ó gbọ́ gbogbo ìwé ẹ̀rí ara rẹ̀. Ó gbọ́ ohun tí olùkọ́ rẹ̀ sọ. Ó gbọ́ ikọ́ ìṣẹ́jú keje, kò sì sí ẹni tó dìde nínú gbogbo ilé náà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mọ́kànlá, ó tẹ ení. Nọ́ńbà ení ni fóònù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an. Ẹ̀rọ náà sọ fún un pé ẹni tó ń pè ń bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀ lọ́wọ́.

Àwọn tó ń dìde nítorí ikọ́ rẹ̀ ni wọ́n yọ pátákó orúkọ rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Akọ̀wé ló di àkàbà mú fún wọn.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ẹ ka lẹ́tà Mínísítà dáadáa. Wọ́n yọ ọ́ nítorí "àrífín sí Mínísítà àti sí ìyàwó Mínísítà." Kò sí màmá nínú lẹ́tà náà. Kò sí Ọjọ́rú níbẹ̀, kò sí ògiri.

Wọ́n pe Oníwáyà padà, nítorí kò sí ẹlòmíì tó mọ iṣẹ́ náà. Ó tún àwọn ògiri mọ láàárín wákàtí mẹ́ta. Wọ́n kò fagi lé ìwé tó sọ pé òun ló jẹ́ kí wọ́n wó. Ọ̀gá tuntun ní ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn, pé ká kọjú síwájú. Akọ̀wé gbà pẹ̀lú rẹ̀ kó tó sọ ọ́ tán. Nígbà tí Oníwáyà ní kí wọ́n ṣí dúrọ́ọ̀ yẹn, Akọ̀wé ṣí i fún un tẹ̀rín-tẹ̀rín. Kàlẹ́ńdà tuntun ló wà níbẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, òun àti gbẹ́nàgbẹ́nà jọ gòkè lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá tuntun. Ọ̀gá náà ń ṣe jẹ́jẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n jókòó. Gbẹ́nàgbẹ́nà kò jókòó.

"Mi ò béèrè nǹkan míì," ló wí. "Gbogbo ìlú ló gbọ́ pé ìwé náà wà. Ẹ mú un jáde. Bí ẹ bá sì ti ya á, ẹ kọ òmíràn, ẹ kọ orúkọ ẹni tó ní kí wọ́n wó ògiri yẹn sínú ẹ̀, ẹ kọ ọ́ pé obìnrin yìí kìlọ̀ fún un, kí ẹ buwọ́ lù ú, kí n lè kà á sétí ìyá mi."

Ọ̀gá tuntun wo Akọ̀wé. Akọ̀wé wo fèrèsé. Oníwáyà fa àga kan, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, ó jókòó, àwọn méjèèjì sì ń dúró de ìwé náà.